Okùn Aṣọ Kan Ṣoṣo

Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà ní Bìní kò ní kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kan ìṣó ńlá méjì mọ́ ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ta okùn sáàárín wọn, orí okùn yẹn ni gbogbo aṣọ tí mo ní láyé wà. Mo wá so òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ agbedeméjì rẹ̀. Apá òsì, ti ọ́fíìsì: síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan, síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú kan, bùláòsì funfun mẹ́ta. Apá ọ̀tún, tèmi: ìró àti bùbá àńkárá, bùláòsì adìrẹ ẹlẹ́kọ tí àǹtí mi rán ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta, gáùn ṣọ́ọ̀ṣì, àti aṣọ FESTAC ọdún 1977 tí ìyá mi ti lò títí tó fi fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ.

Okùn kì í gbé ẹrù kó má tẹ̀. Tó bá máa fi di Ọjọ́bọ̀, àárín rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn hángà á ti yọ̀ wá síbi òwú pupa náà láti òsì àti láti ọ̀tún, aṣọ ọ́fíìsì á ti dì mọ́ aṣọ mi. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń tò wọ́n padà sáàyè wọn. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́tọ̀, èmi lọ́tọ̀.

Ilé wa ni mo ti kọ́ ọ. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Ọ̀wọ̀, ìṣó méjì ló sì wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé kákí àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun máa ń wà lórí ọ̀kan, dàńṣíkí àti fìlà lórí èkejì. Bó bá ti ilé ìwé dé, kò ní jẹun, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn dáadáa títí yóò fi pààrọ̀ aṣọ. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Mojola Agbebi fún wa, pásítọ̀ tó pa orúkọ David Brown Vincent tì ní 1894, tó bọ́ kóòtù òyìnbó sílẹ̀, tó ń fi aṣọ Yorùbá gun orí àga ìwàásù. Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ kì í fi dàńṣíkí kọ́ wọn níwèé?" Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Agbebi ló ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ni ilé ìwé."

Èmi náà kọ́ ni mo ni ilé ìfowópamọ́ tó gbà mí síṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1987 ni mo gba ọ̀nà Ifọ́n dé Bìní, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bendel. Ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ ní odindi ojú ewé kan lórí aṣọ obìnrin: bùláòsì funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, síkẹ́ẹ̀tì dúdú, búlúù ṣíṣú tàbí aláwọ̀ eérú tó kọjá orúnkún, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò sí gèlè, kò sí aṣọ ìbílẹ̀. Wọn kò sọ ibi tí ẹni tó ń gba náírà 230 lóṣù yóò ti rí i rà.

Ẹni tó bá gbé ayé nígbà náà á rántí. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà tuntun tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó òkè òkun, lábẹ́ ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, kí ọdún kan sì tó pé, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan. Ohun tó bá ti òkè òkun wá gbówó lórí, èyí tí a ń ṣe nílé tẹ̀ lé e, torí pé ẹ̀rọ òkè òkun ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tiwa náà ń lò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ láti 1981, náírà 125, kò kúrò lójú kan. Mo bèèrè síkẹ́ẹ̀tì kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mission Road, wọ́n ní náírà 80. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti lo ọdún mẹ́fà nídìí káńtà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ Ìṣán ni. Ó wo síkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo ń fọ̀ lálaalẹ́, tí mo ń wọ̀ láràárọ̀, ó ní, "Ekiosa. Sátidé. Tètè dé."

Ẹki ni ọjà lédè Ẹ̀dó, Osa sì ni wọ́n ń pe Ọlọ́run ní gígékúrú. Ẹ̀bá Murtala Mohammed Way ni ọjà náà wà, òpópónà tí wọ́n fi sọrí olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún 1976. Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀: gààrí funfun àti pupa, iṣu, tòmátò, ẹja gbígbẹ, epo. Èmi, ibi tí wọ́n ti ń tú béèlì ni ọ̀nà mi já sí. Ọ̀kìríkà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ ìlú etídò kan ní Rivers tí wọ́n ti máa ń já ẹrù aṣọ àlòkù sílẹ̀ láyé ìgbà kan. Àwọn ará Ìbàdàn ń pè é ní bọ́síkọ́nà. Títí dòní, kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú wà nínú ohun tí òfin Nàìjíríà kò fàyè gbà, títí dòní náà ni ó sì ń wọlé.

Ọkùnrin tó ni béèlì á kọ́kọ́ lù ú pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń jí ènìyàn lójú oorun. Á gé okùn tó dì í. Aṣọ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ láti òkè òkun á wú sókè lójijì, òórùn kánfọ̀ á gba imú gbogbo wa, lẹ́yìn náà ọwọ́ á bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn sáré. Ó dúró, ó ń fi ojú yàn kó tó fi ọwọ́ yàn. Ó kọ́ mi pé abíyá ni kí n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí n wo ọrùn. Kí n gbé bùláòsì sókè kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́, oòrùn kò ní bò ó láṣìírí. Kí n fa ojú rírán rẹ̀ díẹ̀, kí n ka bọ́tìnnì rẹ̀, kí n sì ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò. Nínú àpò kóòtù kékeré kan ni mo ti bá tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ èdè Jámánì sí. Mo dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin kan ti wọ kóòtù yẹn lọ síbi iṣẹ́ rí, bóyá òun náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ra kóòtù náà ní náírà márùn-ún, mo sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì náà sínú Bíbélì mi.

Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kí a mọ̀ nígbà náà. Sátidé kẹta tí mo lọ, mo pàdé ọ̀gá kan láti ẹ̀ka àkáǹtì, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí abẹ́ apá. A kí ara wa. Ó bi mí bóyá mo ti rí tòmátò rà, mo ní mo ń wá a, kálukú bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó wọ ọ̀kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ̀ ọ́ débi pé ojú rírán rẹ̀ le bí páálí, ó sì so táì mọ́ ọn. Mo wò ó, mo bu ọlá fún un lọ́kàn mi. Mo mọ iṣẹ́ tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Omi gbígbóná ni a kọ́kọ́ máa ń rẹ ẹ́ sí, pẹ̀lú Izal, títí òórùn kánfọ̀ á fi lọ. A óò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a óò fi búlúù ṣan án kí funfun rẹ̀ lè tàn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni sítáàṣì.

Sítáàṣì yẹn náà, Ekiosa ni mo ti ń rà á. Ní ìhà Bendel, oúnjẹ gidi ni: wọ́n á rò ó pẹ̀lú epo títí á fi pọ́n, tí á máa yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á fi jẹ ọbẹ̀ ẹyìn. Ìyá tó ń tà á fún mi bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọbẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́. Mo ní aṣọ ni mo fẹ́ fi í ṣe. Ó wo ìwọ̀n tí mo mú, ó mú ìdajì kúrò nínú rẹ̀, ó dá owó mi padà, ó ní èyí tó kù yẹn tó bùláòsì mẹ́wàá.

Báyìí ni apá òsì okùn mi ṣe kún. Nígbà tó fi di Kérésìmesì, mo ní síkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, bùláòsì méje, kóòtù ará Jámánì. Apá ọ̀tún wà bó ṣe wà. Èyí tí mo ń wọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́ ń pọ̀ sí i, èyí tí mo fẹ́ràn ń ṣá sára okùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń rí ara mi nínú dígí kí n dá a mọ̀.

Oṣù kejì ọdún 1988, mo gbìyànjú. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó kọjá orúnkún, bàtà dúdú tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo wá fi bùláòsì adìrẹ náà lé e, mo kì í sínú síkẹ́ẹ̀tì dáadáa. Mo ní búlúù ṣáà ni, ó kàn ṣú díẹ̀ ni. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí akọ̀ǹtáǹtì fi pè mí sídìí tábìlì rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Ó bi mí bóyá ọjà ni mò ń lọ. Ó ní kí n lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì yọ owó ọjọ́ náà nínú owó oṣù mi.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ó ṣì ń dùn mí. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Adìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni aládìrẹ fi ya gbogbo ilà ara rẹ̀, ó ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, ó ń fà á lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó rì í sínú aró ẹ̀lú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi ṣú bó ṣe fẹ́. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni ẹ̀kọ láfún àti sítáàṣì ti wá. Èyí tó mú bùláòsì funfun mi le, wọ́n gbà á. Èyí tó ya àwòrán sára adìrẹ mi, wọ́n lé e lọ sílé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé síkẹ́ẹ̀tì kan lọ fún obìnrin tó ń bá wa tún aṣọ ṣe ní Ekiosa. Àwọn aránṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó sí ìpẹ̀kun ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀kìríkà, ẹ̀rọ Singer ẹlẹ́sẹ̀ níwájú wọn, kí aṣọ tó bẹ́ẹ̀ lè gbà ọ́ kó o tó kúrò lọ́jà. Iye ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá ni ọ̀rọ̀ náà lédè Ẹ̀dó, kò jìnnà sí yèyé tiwa. Àkúrẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì ń sọ Yorùbá Àkúrẹ́ pọ́nbélé. Bí ó bá ti rí mi lókèèrè, á ní, "Kóyo, ọmọ Ọ̀ghọ̀!" bí àwa fúnra wa ṣe ń pe Ọ̀wọ̀ nínú ẹ̀ka èdè wa.

Lọ́jọ́ yẹn, ó rí ojú mi, ó pa ẹ̀rọ tì. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bá mi bú akọ̀ǹtáǹtì. Ó ń tú fóòmù kúrò ní èjìká bùláòsì kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ (àwọn bùláòsì ìgbà yẹn, gbogbo wọn ló ní fóòmù èjìká tó lè gbé omi), ó sì ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ wo ni wọ́n ní kí síkẹ́ẹ̀tì jẹ́? Ṣé ó lè ní ilà? Ta ló rán ṣòkòtò akọ̀ǹtáǹtì yín, irú aṣọ wo ni? Mo ní dúdú ni, ó ní ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́.

"Nílùú wa níbí," ó ní, "ọjọ́ tí ìjòyè bá ń lọ ṣiṣẹ́ láàfin gan-an ló ń múra jù. Funfun nigínnigín, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn títí dé ọrùn ọwọ́. Ta ló sọ fún ọ pé aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wọ̀ ọ́?"

N kò lè jiyàn. Àwa náà ní Ọ̀wọ̀, bó bá di oṣù kẹsàn-án, Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ a dirun, wọn a wọ ìlẹ̀kẹ̀ fún Igogo, ní ìrántí Olorì Ọrọnṣẹn. Iṣẹ́ ọba ni. Kò sí ẹni tó ń pè é ní aṣọ ọjà.

Iye bi mí pé, "Kí lo kó wá láti ilé?"

Ẹtù ìyá mi wà nísàlẹ̀ àpótí mi. N kò fi í sórí okùn rí. Ìró tí wọ́n fi gbé e níyàwó ni, ó sì kó o lé mi lọ́wọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo kúrò nílé. Ó ní, "Bí o bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́, kí aṣọ yìí sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún wọn." Ẹni tó bá mọ ẹtù mọ̀ pé kò ní ariwo. Aró ti mu ún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, fọ́nrán òwú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ wá ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fún un lórúkọ. Bí o bá dúró ní ọ̀ọ́kán, ilà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ lórí aṣọ dúdú ni o máa rí. Àfi bí o bá súnmọ́ ọn ni o máa tó mọ̀ pé ọwọ́ ló hun ún.

Nígbà tí mo gbé e dé Ekiosa, mo tún fẹ́ gbé e padà. Mo sọ fún Iye pé n kò lè jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì kan án. Ó ní, "Ta ló fẹ́ gé e?" Ó fọ ọwọ́, ó nu ún gbẹ, ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan rẹ̀. Òfì kékeré tí àwọn ọkùnrin fi ń hun ẹtù, aṣọ tóóró bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹyọ 16 ni wọ́n rán pọ̀ tó fi di ìró ìyá mi. Iye mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán náà lókùn lókùn. Kò fa òwú kankan já. Ó ń wé òwú àtijọ́ náà mọ́ páálí kékeré kan bó ṣe ń yọ ọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn ju èyí tí síkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì, ó ká a sí méjì láti ìsàlẹ̀, ìdajì síta, ìdajì sínú, aṣọ náà sì di ìtẹ́nú ara rẹ̀. Ẹyọ 11 ló lò. Ó mú kí etí wọn gun ara wọn díẹ̀ níbi ìbàdí kó lè gbà mí, ó fi sípù sí ẹ̀gbẹ́. Ó di ẹyọ márùn-ún tó kù àti òwú inú páálí náà sínú ọ̀rá, ó kó wọn fún mi. "Tọ́jú wọn," ó ní. "Ìyá rẹ á bèèrè lọ́jọ́ kan."

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé obìnrin Yorùbá kan ti ro irú ìrònú yìí rí. Ní 1960 ni Folashade Thomas-Fahm, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ l'Ékòó, ó sì sọ ìró di èyí tí sípù ń dì, kí obìnrin lè wọ̀ ọ́ bí ó ṣe ń wọ síkẹ́ẹ̀tì. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú rẹ̀: nígbà tó ń kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí, nínú ìjà tó mú kí Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ó pa gáùn tì, ìró àti bùbá ló fi ṣiṣẹ́, kí àwọn ìyá ọjà lè rí i bí ọ̀kan nínú wọn. Ká ní mo ti mọ ìtàn àwọn méjèèjì lọ́dún 1988 ni, ìbá rọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Iye ni mo mọ̀, ó sì tó mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ ẹtù pẹ̀lú bùláòsì funfun àti kóòtù ará Jámánì. Akọ̀ǹtáǹtì gba ẹ̀yìn káńtà kọjá, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọjá lọ. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ní kí gbogbo obìnrin ọ́fíìsì máa múra bíi tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara mi balẹ̀ lọ́nà tí n kò mọ̀ rí níbẹ̀. Bí mo bá ń ka owó, mo máa ń fi ọwọ́ kan itan mi lábẹ́ káńtà, kí n gbọ́ bí òwú yẹn ṣe le lọ́wọ́, bí ó ṣe rí lára ìyá mi nígbà tí mo ń sùn lé e lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló yọ̀ fún mi. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń ṣòwò ní Lagos Street, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó máa ń wá san owó sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kan mo dìde láti bá a mú fọ́ọ̀mù, mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró sí ìbàdí mi. Ó dúró títí mo fi jókòó. Ó wá tẹ orí mọ́ ojú fèrèsé káńtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹtù nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹtù kì í ṣe aṣọ tí a fi ń jókòó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a bá wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti tán."

N kò rí èsì fún un. Ó ka owó rẹ̀, ó gba ìwé rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà wá. "Ó yẹ ọ́," ó ní, ó sì lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ bàbá náà yẹ̀ wò. Báǹkì ní kí aṣọ ilé mi má dé ibi iṣẹ́, òun náà ní kí ọlá aṣọ ilé wa má di ohun ìjókòó. Ẹ̀tọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àmọ́ n kò bọ́ ọ. Ọjọ́ márùn-ún nínú ọjọ́ méje ni mo ń lò nídìí káńtà yẹn. Bí aṣọ tó mọ̀ mí bá ní láti dúró de ọjọ́ tí iṣẹ́ tán, mélòó ni yóò ṣẹ́kù fún un?

Mo yọ òwú pupa kúrò lára okùn mi lọ́dún yẹn. Iye bá mi sọ ìyókù aṣọ FESTAC di kọ́là tó ṣeé yọ, tó fara pamọ́ sábẹ́ kóòtù. Ó rán bọ́tìnnì kòkò àgbọn sí bùláòsì ọ̀kìríkà méjì. Mo jẹ́ kí àwọn hángà máa yọ̀ lọ síbi tó bá wù wọ́n.

Ní 1990, páàdì òǹtẹ̀ dà lé mi lẹ́sẹ̀. Tàdáwà aláwọ̀ èsè àlùkò, ó gbà tó ẹnu kọ́bọ̀ lápá òsì, nítòsí ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi wàrà fọ̀ ọ́, kò lọ.

Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, wọ́n pín Bendel sí Edo àti Delta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó ẹrù lọ sí Asaba, ọ́fíìsì wa dá páropáro. Láàárín ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni lẹ́tà ìyá mi dé. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbéyàwó ní oṣù kejìlá. Kí n mú ẹtù òun wá.

Mo dé Ekiosa ní Sátidé, mo bá Iye nídìí ẹ̀rọ. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi na ọwọ́. Mo kó síkẹ́ẹ̀tì náà àti ọ̀rá náà fún un. Ó tú u títí di ìrọ̀lẹ́, èmi ń bá a di òwú mú. Nígbà tó tẹ́ ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sílẹ̀ lórí ẹní, àwa méjèèjì dákẹ́. Márùn-ún ṣú bí ọjọ́ tí wọ́n kúrò nínú aró. Mọ́kànlá yòókù, ìdajì kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣá, ìyẹn èyí tó kọjú síta sí oòrùn àti omi ìfọṣọ, ìdajì kejì ṣì ṣú. Ilà àkáyọ sì wà láàárín, ó hàn gbangba. Iye tò wọ́n, ó tún wọn tò, kí ṣíṣá àti ṣíṣú lè máa gba ara wọn. Òwú inú páálí náà ló fi rán wọn pọ̀. Kò gba owó.

Ní Ọ̀wọ̀, ìyá mi gbé ìró náà sún mọ́ àtùpà. Ó fi ìka tẹ̀ lé ilà àkáyọ náà láti ẹyọ kan dé èkejì.

"Ṣé o gé e ni?"

"N kò gé e, ìyá mi."

Ó kà wọ́n. Ẹyọ 16 pé. Ìka rẹ̀ dúró síbi àmì tàdáwà.

"Kí nìyí?"

"Ibi iṣẹ́ ni."

Ó wò ó títí, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wé e pẹ̀lú bùbá lésì funfun, ó so iyùn mọ́ ọrùn, ó jáde lọ pàdé àwọn àna rẹ̀. Nígbà tí ìlù dún, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwọn tó ń jó. Ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì, àmì èsè àlùkò náà sì ń wọlé, ó ń jáde, nínú ìṣẹ́po ìró.